Omi Dànù, Agbè Ò Fọ́: Fọ́tò 1,240 Lẹ́sẹ̀ Òkè Dassa

Téèyàn bá wọkọ̀ ní Cotonou tó dorí kọ àríwá, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ títí wíwò rẹ̀ á fi sú u. Nígbà tó bá rìn tó nǹkan bíi 200 kìlómítà, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko: ọ̀kan lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kó tó mọ̀, wọ́n ti yí i ká. Dassa-Zoumè nìyẹn, tí àwọn onílùú ń pè ní Igbó Ìdàáṣà, tí ilẹ̀ Benin sì mọ̀ sí ìlú òkè mọ́kànlélógójì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là sí méjì: ọ̀kan forí lé Savalou, Djougou àti Natitingou, èkejì gba Savè lọ sí Parakou. Ibẹ̀ náà ni ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo wà, tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń wọ́ lọ láti 1954. Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti dé, èrò á ti Benin, Tógò àti Nàìjíríà rọ́ wọ̀lú, òkè àti èèyàn á sì jọ kún ibẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí èrò túká ni mo dé. Wọ́n ṣì ń gbá ọ̀rá omi àti páálí nílẹ̀. Kì í ṣe ihò àpáta ni mo wá wò ní tèmi. Mo gun zémì, ọ̀kadà tiwọn, láti oríta, mo sì ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan tí mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, tó máa ń sọ fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan di fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Gbogbo wa la ní fọ́tò tó ti kún fóònù wa dé ọ̀fun. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀yìn ti àpáta gbalasa kan, alángbá ń sáré lórí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga onígi.

"Ẹ kúulé o, Bàbá."

"Hoo! Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn. Ọmọ mi ni ẹ ń wá. Ó ń bẹ nínú ilé, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀."

Bàbá náà ti yàwòrán fún ogójì ọdún ó lé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jogún iṣẹ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó sì fa àga kan sún mọ́ fáànù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síbí. Atẹ́gùn ò dé ọ̀hún."

Àpò ìrẹsì fún ẹnì kan

Káàdì kámẹ́rà kan wà lórí tábìlì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Fọ́tò 1,240 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 10.4. Ẹgbẹ́ akọrin kan tó wá láti Cotonou ló gbéṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi fóònù rẹ̀ wá tirẹ̀ rí.

Ó ṣí ẹyọ kan hàn mí. Písẹ́ẹ̀lì 6,000 ní ìbú, 4,000 ní òòró. Písẹ́ẹ̀lì ni àmì tíńtìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sára adé ọba. Ìlẹ̀kẹ̀ mílíọ̀nù 24 ló wà lára fọ́tò kan yìí, nọ́ńbà mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Ká ní kámẹ́rà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìyọ nǹkan kan, fọ́tò kan ṣoṣo ìbá jẹ́ mẹ́gábáìtì 72. Kámẹ́rà ti kọ́kọ́ dín in kù fúnra rẹ̀, ó di bíi 8.4.

"Fóònù tí wọ́n fẹ́ fi wò ó ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ojú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju písẹ́ẹ̀lì 1,080 lọ ní ìbú. Ẹ̀gbọ́n, àpò ìrẹsì kan ni wọ́n ń gbé ka iná fún ẹnì kan."

Ó ti wọn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárọ̀: ìwọ̀n mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló lè fi ránṣẹ́. A jọ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Gígábáìtì 10.4 máa gba ju wákàtí 11 lọ, bí iná ò bá lọ, tí dátà ò sì tán. Lẹ́yìn náà, àwọn akọrin tó ń wò ó á tún fi owó tiwọn ra dátà láti fà á sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó tó jáde nílé.

Agolo bísíkíìtì Bàbá

Kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ dídínkù. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó da gbogbo fọ́tò káàdì sínú fóódà kan tó pè ní OJULOWO. Ó tún dà wọ́n sórí dísíìkì kékeré kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ka iye méjèèjì: 1,240 níhìn-ín, 1,240 lọ́hùn-ún. Ó wá yọ okùn dísíìkì náà, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Mo ní ṣé kò le jù. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.

"Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, mo yàwòrán ìgbéyàwó kan. Mo tẹ àṣẹ tí ẹ máa rí láìpẹ́ yìí láìsọ fóódà tí kó kó ẹ̀dà sí. Fọ́tò 600, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn di kékeré lójú ẹsẹ̀. Orúkọ wọn ò yí padà, ibi tí wọ́n wà ò yí padà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni ìyàwó ní kí n bá òun tẹ ọ̀kan jáde ní gbàǹgbà, kí wọ́n gbé e kọ́ pálọ̀. Nígbà tó jáde, ojú ìyá ọkọ rí bíi pé wọ́n ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó."

Bàbá gbọ́ wa láti ìta. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé agolo bísíkíìtì kan tó ti dípẹtà sọ̀ kalẹ̀. Négátíìfù ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n gé ní mẹ́fà-mẹ́fà tí wọ́n sì fi bébà wé. Ó mú ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: obìnrin kan dúró níwájú òkè, ojú rẹ̀ funfun níbi tó ti yẹ kó dúdú.

"Ẹni tó bá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi, bébà ló ń gbé lọ sílé. Èyí kì í kúrò níbí. Bí òjò bá pa ti ọwọ́ rẹ̀, bí ọmọ bá fà á ya, á padà wá, màá sì tẹ òmíràn fún un. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ti ìgbéyàwó yẹn, agbè ló fọ́."

Ọ̀rọ̀ Bàbá rán mi létí iṣẹ́ àtijọ́ kan lórí ilẹ̀ yìí kan náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Dahomey. Ní 1930, àlùfáà Àgùdà kan, Francis Aupiais, àti ayàwòrán Frédéric Gadmer rìn káàkiri ilẹ̀ náà lórúkọ Albert Kahn, ọlọ́rọ̀ ará Faransé tó fẹ́ kó àwòrán gbogbo ayé jọ. Ó lé ní 1,000 àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n yà sára díńgí, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n pa láró. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè wo ẹ̀dà àwòrán wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìṣúra Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris. Ẹ̀dà tó fúyẹ́ ló ń rìn káàkiri ayé. Díńgí fúnra rẹ̀ wà nínú ilé, nínú òkùnkùn àti òtútù. Agolo bísíkíìtì Bàbá àti ilé ìṣúra yẹn, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Fọ́tò mẹ́ta fún ìdánwò

Iṣẹ́ tó kàn ni àṣàyàn. Ó ń tẹ bọ́tìnnì lọ wéréwéré: èyí dijú, èyí mì, mẹ́rin yìí jọra, ẹyọ kan tó. Ní ogójì ìṣẹ́jú, 1,240 ti di 860, gígábáìtì 10.4 ti di 7.2. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, ojú àti ọwọ́ lásán ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà nìyí: fọ́tò tí kò yẹ kó wà rárá la ń wá ọ̀nà láti dín kù.

Ó wá mú fọ́tò mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní, ojú obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ léèsì funfun. Ìkejì, òkè àti ojú ọ̀run. Ìkẹta, ìwé ètò orin tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Ó dín ojú obìnrin yẹn sí písẹ́ẹ̀lì 1,600, ó sì tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nọ́ńbà ìmọ́tónítóní rẹ̀ ń yàtọ̀: 95, 80, 60, 30. Ìwọ̀n wọn jáde ní kílóbáìtì 780, 310, 200 àti 120.

"Ẹ wá ìyàtọ̀ 95 àti 80 fún mi."

Mo sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Mi ò rí i. Mo rí ti 30 láìbéèrè: ihò ara léèsì ti di bàìbàì, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà sì ti pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi táìsì balùwẹ̀. Ti òkè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọ̀run tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti búlúù sí funfun ti di ìlà-ìlà.

Igun mẹ́rin yẹn kò ṣèèṣì yọjú. Bí JPEG, ìlànà tí kámẹ́rà fi ń dín fọ́tò kù, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó máa ń gé fọ́tò sí ègé písẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ní mẹ́jọ. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ya ohun tó ń yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń yí padà wàràwàrà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ti wàràwàrà nù, torí ojú èèyàn kì í sábà ka ìyẹn. Ìṣirò tó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, Nasir Ahmed tó jẹ́ ọmọ Íńdíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló gbé e jáde nínú ìwé ní 1974. Ní 1992 ni JPEG di ìlànà fún gbogbo ayé. Ohun kan tún wà tó mọ̀ nípa ojú wa: ojú máa ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ju àwọ̀ lọ. Nítorí náà, ó sábà máa ń gé àwọ̀ kù kó tó fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó bá jù nù ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣí fọ́tò náà, tí wọ́n tún un ṣe díẹ̀, tí wọ́n sì tún tọ́jú rẹ̀ bíi JPEG, á tún ju òmíràn nù. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá lórí fóònù fi máa ń rí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù.

Ìwé ètò orin ló wá yọ ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní 80 pàápàá, nǹkan bíi kòkòrò tíntín ń rá yí lẹ́tà dúdú ká. "Èyí kò sí fún JPEG," ló wí, ó sì tọ́jú rẹ̀ bíi PNG, ìlànà tó jáde ní 1996, tí kì í ju nǹkan kan nù. Ìwé kíkọ, àmì ilé iṣẹ́, àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, PNG ló yẹ wọ́n. Ojú èèyàn, igi àti òkè, JPEG ló ni wọ́n.

Ìlà kan ṣoṣo

Ó ṣí fèrèsé dúdú kan tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí. Irinṣẹ́ tó ń lò ni ImageMagick, tí John Cristy gbé jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1990. Ó dá fóódà tuntun sílẹ̀, WEB, lẹ́gbẹ̀ẹ́ OJULOWO. Ó wá tẹ ìlà yìí, ó sì yọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì kí n lè kà á:

magick mogrify -path ../WEB -auto-orient -resize "1600x1600>" -strip -quality 80 *.jpg

"Ẹ wo -path yẹn dáadáa. Òun ló ń sọ pé inú WEB ni kó kó ẹ̀dà sí. Òun ni mo gbàgbé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá sí níbẹ̀, mogrify á kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, kò sì ní bi yín léèrè."

Ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. -auto-orient ń yí fọ́tò tí wọ́n dá kámẹ́rà ní ìbú yà kó dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, akọrin á sùn gbalaja lórí íntánẹ́ẹ̀tì. -resize ń dín in kù títí apá tó gùn jù fi di 1,600, àmì kékeré tó kẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ pé èyí tó ti kéré tẹ́lẹ̀, kó má fẹ̀ ẹ́. -quality 80 ni èyí tí ìdánwò wa ti fọwọ́ sí.

Ó dúró lórí -strip. Ó ṣí fọ́tò kan tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin fi fóònù rẹ̀ yà, ó sì fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn mí: ọjọ́, wákàtí, irú fóònù, àti nọ́ńbà méjì gígùn. Ó da nọ́ńbà méjèèjì sínú àwòrán ilẹ̀, àmì pupa kan sì bọ́ sórí òrùlé ilé kan ní Cotonou. Àgbàlá ilé ẹni náà ni, ọmọ kékeré sì ń ṣeré nínú fọ́tò. Àṣẹ -strip ń nu gbogbo ìyẹn nù kí ẹ̀dà tó jáde. Àmọ́ ó tún ń yọ ìwé tó ń ṣàlàyé àwọ̀ fọ́tò, ìdí nìyí tó fi ti fi kámẹ́rà rẹ̀ sórí sRGB látilẹ̀, àwọ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀.

Mo ní ẹni tí kò fẹ́ràn títẹ àṣẹ ńkọ́. Ó ní XnConvert àti Caesium wà, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, wọ́n sì lè gba fóódà odindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi yín: ibo ni kí n kó o sí? Ẹ má ṣe dáhùn pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Fèrèsé dúdú dákẹ́. Fáànù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí oyin.

Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo gun àpáta yẹn díẹ̀. Láti ojú pópó, àwọ̀ eérú kan ṣoṣo ni mo rí lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé e, mo rí i pé kò sí àwọ̀ eérú kankan níbẹ̀: hóró dúdú, hóró funfun, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn tó ń dán bíi díńgí, àti ewé àpáta tó lẹ̀ mọ́ ọn bí èépá. Ẹni tó wà lójú pópó kò nílò ìkankan nínú wọn láti mọ̀ pé òkè ni. Ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, tàbí tó fẹ́ gùn ún, kò lè ṣe kó má mọ̀ wọ́n.

Kíkà kó tó fi ránṣẹ́

Ìṣẹ́jú 13 ló gbà. Ó ka iye: 860 nínú OJULOWO tó ti ṣà, 860 nínú WEB. Ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi tó, ó ṣí márùn-ún tó wúwo jù àti márùn-ún tó fúyẹ́ jù. Èyí tó wúwo jù, èrò lábẹ́ igi ni, torí ewé àti orí èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù, ojú ọ̀run ló gba ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 240. Gígábáìtì 7.2 ti di ìdá kan nínú ọgbọ̀n, fífi ránṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju ìṣẹ́jú 16 lọ.

Mo bi í nípa WebP, tí Google gbé jáde ní 2010. Ó ní ó dára fún ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, torí ó máa ń fúyẹ́ ju JPEG tó mọ́ bákan náà lọ, gbogbo aṣàwárí ńláńlá ló sì ti ń ṣí i báyìí. AVIF tó dé ní 2019 tún lè fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó ṣe é tán lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. "Ṣùgbọ́n àwọn akọrin yìí á fẹ́ gbé fọ́tò wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé. Bí mo bá fún wọn ní WebP, wọ́n á padà wá bá mi pé kò ṣí. JPEG ni màá fún wọn."

Ohun kan tí mo ti gbà gbọ́ tipẹ́ ló tún já fún mi. Mo ní ṣé kò yẹ kó fi zip di ojúlówó pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀. Kò jiyàn, ó ṣe é lójú mi. Gígábáìtì 7.2 wọlé, 7.1 jáde. JPEG ti fún omi ara fọ́tò tán. Ẹni tó ń fi zip fún un, ìrèké tí wọ́n ti jẹ ló tún ń jẹ. Zip wúlò láti so fáìlì pọ̀ di ẹrù kan, kò sì lè sọ fọ́tò di fẹ́ẹ́rẹ́.

Ojúlówó wá ńkọ́, bí kò bá ṣeé dín kù? Dísíìkì kejì ni yóò kó wọn sí, èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Glazoué, torí olè tàbí iná tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan kò lè wọ ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó dísíìkì ló ń san níbẹ̀. Ó ní ó rọ òun lọ́rùn ju owó ìtìjú lọ.

Nígbà tí mo ń dágbére, Bàbá ti gbé agolo rẹ̀ padà sórí pẹpẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, fóònù ọ̀pọ̀ yín ló máa kún kí ọdún tó parí, ẹ ó sì wá ohun tí ẹ máa dín kù. Ẹ dín ẹ̀dà kù bó ṣe wù yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Àmọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo orúkọ fóódà tí ẹ fẹ́ kó ẹ̀dà sí. Bí OJULOWO bá jẹ́ orúkọ ibi tí ẹ̀dà ń lọ, ẹ yọwọ́.